Ẹrù tí ìyá rù láìmọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa ọmọ Yorùbá máa ń sọ bí ẹni ń ṣeré, ṣùgbọ́n tí ó ti ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́: ọmọ tí ó bá dára, ti bàbá ni, èyí tí kò bá dára, ti ìyá ni. Mo ti gbọ́ ọ ní Kétu, mo ti gbọ́ ọ ní Àjàṣẹ́, mo sì ń gbọ́ ọ níhìn-ín ní Kútọnu nígbàkúùgbà tí àwọn òbí bá wá bá wa nítorí èsì ìdánwò ọmọ tí kò dára. Lóṣù yìí, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ìwọ̀n, kí a wo ohun tí ìmọ̀ nípa ìran ènìyàn ní í sọ sí i.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì sixième tí mo ń kọ́. Ó dàgbà ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí ó ti tún kíláàsì ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí a bá pè é, kì í wo ojú ẹni. Bí inú rẹ̀ bá dùn, a máa ju ọwọ́ méjèèjì fìrìfìrì bí ẹyẹ tí ó fẹ́ fò. Bí ẹ̀rù bá sì bà á, a máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí mo dá fún un ni ó tó dé. Nígbà tí ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan, ó fi í sílẹ̀ lágbede méjì, ó mú òmíràn. Owó ilé ẹ̀kọ́ tí ó mú wá, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, iye tí ó ń rí kò bá ara wọn mu. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, "Abájọ! Bí ìyá bá ti rí báyìí, báwo ni ọmọ yóò ṣe rí?" Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà tí ó bá a wá kò fi tirẹ̀ sínú. Ó ní, "Olùkọ́, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ìdílé ìyá rẹ̀ ni ó ti gbé e wá." Obìnrin náà kò fèsì. Ó wolẹ̀.

Èmi náà kò fèsì, gbèsè ọjọ́ náà ni mo sì fẹ́ san lónìí. Èmi kì í ṣe dókítà, kò sì sí ẹni tí ó yẹ ọmọ náà wò débi tí a ó fi sọ pé ohun báyìí ni ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa àrùn kan tí àwọn Faransé ń pè ní "X fragile", èyíinì ni X ẹlẹgẹ́, àti nípa àwọn ìyá tí wọ́n ń gbé orísun rẹ̀ kiri láìmọ̀. Ohun tí mo kà dá mi lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ tí mo mọ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Bí mo bá ń ka dictée fún àwọn ọmọ, n kì í ṣaláìrí ọmọ kan tí ó gbàgbé ibi tí ó dé, tí ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọmọ mìíràn bá da ìwé ti ẹni yẹn kọ, ó lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbólóhùn náà ṣì ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n bí àtúnkọ náà bá ń pọ̀ sí i láti ọwọ́ dé ọwọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹni tí ń kàwé yóò sú, tí yóò sì pa ìwé náà dé.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nínú ara wa. Inú gbogbo ara ènìyàn ni ìwé àbùdá wà, èyí tí a fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ: A, C, G àti T. Jíìnì ni a ń pe orí kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà. Lórí krómósómù tí a ń pè ní X, jíìnì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ FMR1, tí ó ń ran ọpọlọ lọ́wọ́ láti kọ́ ẹ̀kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta kan, CGG, ni a kọ léraléra. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, àtúnkọ yìí kì í ju bíi 30 lọ. Láti 5 dé 44 ni a kà sí ohun tí ó wọ́pọ̀. Bí ó bá ju 200 lọ, ara yóò ti jíìnì náà pa, èròjà tí ọpọlọ ń retí láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní jáde mọ́, ìyẹn ni ó sì ń fa X ẹlẹgẹ́: ọmọ a pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ a ṣòro fún un, ariwo a máa dà á láàmú, ojú ènìyàn a máa tì í. Nínú gbogbo ohun tí ó ń fa ìfàsẹ́yìn òye tí a ń jogún nínú ìdílé, òun ni ó wọ́pọ̀ jù lọ láyé.

Láàárín ìpẹ̀kun méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ẹni tí àtúnkọ tirẹ̀ wà láàárín 55 sí 200 ni àwọn dókítà sọ pé ó ní "prémutation". A lè pè é ní ìyípadà aláìpé, nítorí pé ìwé náà ti ń yí padà, ṣùgbọ́n ara kò tíì pa á dé. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti kà wọ́n, a máa ń rí ẹyọ kan irú rẹ̀ láàárín nǹkan bí obìnrin 150 sí 300. Kò pọ̀ bí AS tí gbogbo wa mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun àjèjì.

Ìtàn bí a ṣe mọ̀ ọ́n gùn díẹ̀. Ní 1943, dókítà méjì ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, J. Purdon Martin àti Julia Bell, kọ̀wé nípa ìdílé kan tí òye ọ̀pọ̀ ọkùnrin inú rẹ̀ fà sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ìyá wọn dá ṣáṣá. Ní 1969, Herbert Lubs fi ẹ̀rọ awò rí i pé ibì kan lára krómósómù X irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni fẹ́ já. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ní àárín àwọn ọdún 1980, Stephanie Sherman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí ohun ìyanu kan: bàbá àgbà lè wà láìsí àbùkù, kí ọmọbìnrin rẹ̀ náà wà láìsí àbùkù, kí àrùn náà wá yọ lára àwọn ọmọ ọmọ. Ní 1991 ni ẹgbẹ́ onímọ̀ mélòó kan rí ìdí rẹ̀. Lára wọn ni ẹgbẹ́ Jean-Louis Mandel ní ìlú Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, àti àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ilẹ̀ Họ́láńdì àti Amẹ́ríkà tí wọ́n sọ jíìnì náà lórúkọ. Àtúnkọ CGG ni ó ń gùn sí i láti ìran dé ìran.

Níbí ni kí a ti dúró gbé òwe ilé wa wò. Ìyá tí ó ní ìyípadà aláìpé ní krómósómù X méjì, ọ̀kan pé, èkejì ń yí padà. Ọmọ tí ó bá bí, ọkùnrin tàbí obìnrin, lè gba èyí tí ó pé tàbí èyí tí ń yí padà. Bí owó ẹyọ tí a jù sókè ni. Láti ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni àtúnkọ náà ti lè fò kọjá 200, bí ó bá sì ti gùn ju 100 lọ lára ìyá, tí ọmọ sì gba X yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé yóò fò kọjá. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè sọ pé, "Ẹ ò rí i? Ti ìyá náà ni!" Kí ó farabalẹ̀. Níbo ni ìyá ti rí i? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀dọ̀ bàbá tirẹ̀ ni. Ọkùnrin tí ó ní ìyípadà aláìpé ń fi í fún gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ pátá, kò sì lè fi í fún ọmọkùnrin rẹ̀ kankan, nítorí Y ni ó ń fún àwọn ọkùnrin. Bàbá àgbà tí gbogbo àdúgbò ń yìn, tí orí rẹ̀ pé, tí ó kọ́lé, tí ó fi ọmọ fún ọkọ, lè jẹ́ òun ni ó di ẹrù náà lé ọmọbìnrin rẹ̀ lórí láìmọ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí a bá fẹ́ wo ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí a wò ó dé òpin. Kò sí ẹni tí ó yan lẹ́tà tí a fi kọ ọ́.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn dókítà gbà pé obìnrin tí ó ní ìyípadà aláìpé dà bí ẹni tí ó ń jẹ́ AS: ó ń gbé e, ṣùgbọ́n kò ṣe é ní nǹkan kan. Wọ́n ti yí èrò padà. Lára wọn, jíìnì náà kò tì. Ńṣe ni ó ń ṣiṣẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, tí ó ń rán iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù jáde, iṣẹ́ náà sì ń kó jọ sínú ọpọlọ àti sínú ilé ẹyin obìnrin. Nínú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ márùn-ún, nǹkan oṣù ẹnì kan ń dáwọ́ dúró kí ó tó pé ọmọ 40 ọdún. Ní 2001, Randi Hagerman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California kọ̀wé nípa àwọn àgbà ọkùnrin márùn-ún tí wọ́n ní ìyípadà yìí, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí ìrìn wọn kò dúró dáadáa mọ́. Ta ni ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà tó wọn létí? Àwọn ìyá tí wọ́n gbé ọmọ wá sí ilé ìwòsàn ni. Wọ́n ní, "Dókítà, bàbá mi náà ń gbọ̀n." Àwọn ìyá ti rí i kí ìwé tó rí i.

Báwo wá ni ìrònú àti ìbáṣepọ̀ àwọn obìnrin náà ṣe rí? Kí a kọ́kọ́ sọ èyí kí a má baà ṣì í gbọ́: òye wọn pé. Púpọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ṣòwò, wọ́n ń kàwé gboyè. Ṣùgbọ́n bí àwọn onímọ̀ bá kó ọ̀pọ̀ nínú wọn jọ, tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn obìnrin mìíràn, wọ́n ń rí ìyàtọ̀ tí kò tóbi, ṣùgbọ́n tí ó ń fara hàn léraléra. Ìṣirò máa ń nira fún wọn díẹ̀. Kí a mú ohun mẹ́ta sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà, kí a sì máa ṣe ìkẹrin, a máa rẹ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ lè já lẹ́nu wọn, kí gbólóhùn bẹ̀rẹ̀ kí ó má parí. Àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn pọ̀ láàárín wọn ju bí ó ti pọ̀ láàárín àwọn mìíràn lọ. Ní ti ìbáṣepọ̀, àwọn kan nínú wọn a máa ya ara wọn sọ́tọ̀, àwọn kan kì í fẹ́ kí a yí ètò tí wọ́n ti ṣe padà, àwọn kan kì í tètè mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí a sọ. Kò rí bákan náà lára gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ohun ìyàlẹ́nu sì ni pé nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, kì í ṣe àwọn tí àtúnkọ wọn gùn jù ni ó ń nira fún jù, bí kò ṣe àwọn tí tiwọn wà láàárín, ní nǹkan bí 80 sí 100.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àwọn àmì wọ̀nyí wá sí àárín wa. Ọjà Tòkpá ni ìyá púpọ̀ ti ń jẹun. Níbẹ̀, ẹni tí ó ń ta ọjà gbọ́dọ̀ máa yọ iye kan kúrò nínú òmíràn lórí, kí ó máa dá ṣéńjì padà, kí ó máa nájà pẹ̀lú oníbàárà méjì, kí ó sì máa ṣọ́ ọmọ. Obìnrin tí ìṣirò bá da orí rẹ̀ rú ní irú ibẹ̀, orúkọ tí wọn yóò fún un ni ọ̀dẹ̀. Nínú ilé ńkọ́? Àwa tí a ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi, a ti fi òwe yẹn ṣe òṣùwọ̀n ìwà. Ìyá ọkọ a sọ ààbọ̀, a máa retí kí ìyàwó gbọ́ odidi. Bí ààbọ̀ náà bá dé inú obìnrin kan tí ó sì jẹ́ ààbọ̀ síbẹ̀, wọn yóò ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ẹni tí àníyàn kò jẹ́ kí ó lè jókòó láàárín èrò ní ibi ìsọmọlórúkọ, wọn yóò ní agbéraga ni. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró ní ọmọ ọdún 36, ẹ mọ ohun tí wọn yóò sọ nípa tirẹ̀. Ìwà ni a ń dá lẹ́jọ́, nígbà tí ó lè jẹ́ pé lẹ́tà mẹ́ta ni.

Ẹnì kan lè bi mí pé: ṣé jíìnì ni ó ń fa àníyàn yìí, àbí wàhálà títọ́ ọmọ tí ó nílò ìtọ́jú tọ̀sán-tòru? Ìbéèrè tí ó lọ́gbọ́n nínú ni, òun sì ni ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ní 2012, Marsha Mailick Seltzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ìyá ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ní ìyípadà aláìpé, tí wọ́n sì ń tọ́ ọmọ tí ó ní X ẹlẹgẹ́. Wọ́n wo gígùn àtúnkọ ìyá kọ̀ọ̀kan, wọ́n wo ìnira tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá a, wọ́n sì wo àníyàn rẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì rẹ̀, àti èròjà inú ara tí ń fi ìpọ́njú hàn. Àwọn ìyá tí àtúnkọ wọn wà láàárín ni nǹkan kàn jù. Nígbà tí ìnira pọ̀ lórí wọn, wọ́n wó lulẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìnira kéré, ara wọn le, ọkàn wọn sì balẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Jíìnì yìí kò dá ìrẹ̀wẹ̀sì lé obìnrin lórí bí ẹni dá ẹjọ́ ikú. Ó mú kí ara rẹ̀ tètè gba ohun tí ayé bá fi kàn án, ìbáà ṣe ìnira, ìbáà ṣe ìtura. Bí ilẹ̀ tí ó tètè ń gba omi ni: òjò ẹlẹ́fùúùfù a wó o, òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ a mú un so èso ju ilẹ̀ yòókù lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a sọ sí i, ojú tí a fi wò ó, bí ẹbí ọkọ ṣe gbà á, bí olùkọ́ ọmọ rẹ̀ ṣe dá a lóhùn, gbogbo rẹ̀ wà lára ohun tí yóò pinnu bí ọpọlọ àti ọkàn rẹ̀ yóò ṣe rí. Apá kan nínú oògùn náà ń bẹ lọ́wọ́ wa. Bákan náà ni apá kan nínú májèlé rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àrùn òkè òkun ni mò ń sọ. Nítòsí wa, ní ìgbèríko kan ní Kamẹrúùnù, ọ̀mọ̀wé Karen Kengne Kamga àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ambroise Wonkam, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, rí ìdílé ńlá kan tí X ẹlẹgẹ́ wà nínú rẹ̀. Ní 2020, wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rọrùn láti lóye: wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí àrùn náà hàn lára rẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀lé okùn ẹbí láti ẹnì kan dé èkejì, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọn kò sì fi ẹ̀jẹ̀ nìkan mọ. Wọ́n bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n rò pé ó fa ọ̀ràn náà. Àwọn kan dárúkọ èpè, àwọn kan ní ìran ni. Ẹ wò ó: àwọn tí wọ́n ní ìran ni kò jìnnà sí òtítọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò rí ẹ̀rọ awò kankan. Àwọn ìyá àgbà wa náà, tí wọ́n mọ oríkì orílẹ̀ dé ìran keje, ní ìmọ̀ tí dókítà nílò. Ohun tí ó kù ni kí a lo ìmọ̀ náà láti wádìí, kí a má lò ó láti fẹ̀sùn kan ènìyàn.

A ti ṣe irú rẹ̀ rí ní Kútọnu. Láti àwọn ọdún 1990 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Mohamed Chérif Rahimy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, tí wọ́n sì fi kíkọ́ àwọn òbí ní ẹ̀kọ́ ṣe òpó iṣẹ́ náà. Ìyá tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe ọmọ rẹ̀, tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sáré gbé e wá, ni wọ́n gbára lé. Àwọn ọmọ tí a ì bá pè ní àbíkú wà láàyè. Ìmọ̀ kò mú ìfura kúrò pátápátá láàárín ọkọ àti aya, síbẹ̀ ó ti gba ọ̀pọ̀ ìyá lọ́wọ́ ẹ̀sùn àjẹ́. Ohun tí a ṣe fún ẹ̀jẹ̀, a lè ṣe é fún ọpọlọ.

Kí ni mo wá ń bẹ̀ yín? Àkọ́kọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ya igi ìdílé yín. Ẹ jókòó ti ìyá àgbà, kí ẹ béèrè: ta ni ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, tí ìwé kò wọ orí rẹ̀? Ta ni nǹkan oṣù rẹ̀ tètè dúró? Bàbá wo ni ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ní ọjọ́ ogbó, tí ìrìn rẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ́? Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà nínú ẹbí kan, ó yẹ kí dókítà gbọ́ wọn pọ̀. Bí ó bá gbọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó lè má mọ̀ pé okùn kan náà ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fi àtúnkọ náà hàn, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó sì ni ẹ̀tọ́ láti yàn bóyá òun yóò ṣe é.

Èkejì, oògùn tí ń mú X ẹlẹgẹ́ kúrò kò tíì sí, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ wà. A ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, a ń fi í jókòó níbi tí ariwo kò pọ̀, a ń fún un ní iṣẹ́ ní díẹ̀díẹ̀. Òfin 2017-06 ti orílẹ̀-èdè wa tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní ti ẹ̀kọ́ nínú. Ìyá náà nílò ìtọ́jú tirẹ̀: a ń tọ́jú àníyàn, a ń tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì, obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ sì tètè dúró yẹ kí ó rí dókítà, nítorí eegun rẹ̀ wà nínú ewu.

Ẹ̀kẹta, kí ìmọ̀ tuntun yìí má di òkò tuntun. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn kan tí yóò kà á tán tí wọn yóò sì sọ pé, "Ẹ má fẹ́ ọmọ ìdílé yẹn." Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Kò sí ìdílé tí ìwé àbùdá rẹ̀ kò ní àtúnkọ kan níbì kan. Ẹ má sì ṣe rò pé gbogbo obìnrin tí ó bá ṣi owó kà tàbí tí kò fẹ́ràn ayẹyẹ ní ìyípadà yìí. Ìwé ìròyìn kì í yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Èyí tí ó kù kan èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́. Láti ìgbà tí mo ti ka nǹkan wọ̀nyí, bí ìyá kan bá dé lọ́jọ́ tí n kò dá fún un, mo ń fún un ní ìjókòó. Bí mo bá dá ọjọ́ mìíràn, mo ń kọ ọ́ sórí ìwé fún un. Mo ń sọ ohun kan lẹ́ẹ̀kan, mo ń sọ odidi ọ̀rọ̀, n kì í sọ ààbọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá já lẹ́nu rẹ̀, mo ń dúró dè é. N kì í béèrè ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ìyá tí irú ìwà bẹ́ẹ̀ lè pa lára.

Ọmọkùnrin yẹn kò padà wá lẹ́yìn ìsinmi ọdún náà. Mo gbọ́ pé wọ́n fi í kọ́ṣẹ́, pé ìyá rẹ̀ sì ti kó kúrò nílé ọkọ. Bí ó bá ń ka ìwé yìí, tàbí bí ẹnì kan bá ń kà á sí i létí, kí ó gbọ́ ohun tí ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà: "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin yìí ni ó ń gbé ọmọ yìí wá síbí lójoojúmọ́." Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ ní í yọ ọfà lápó. Mo pa ẹnu mi mọ́ nígbà tí obì wà lápò mi. Kí ẹ̀yin má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó di oṣù tí ń bọ̀.